Ta ni yóò fi kúílìtì bora ní Èkó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ní Sùúrùlérè ni mò ń gbé. Nígbàkígbà tí yìnyín bá ti bo ìta ní Winnipeg, ní Kánádà, ọmọ mi obìnrin á jókòó sílé, á máa ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́, á máa rán kúílìtì, aṣọ ìbora tí wọ́n ń fi ìrépé rán, á sì máa fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó wù mí gan-an. Òjò oṣù Kẹfà yìí ò jẹ́ kí èmi náà jáde, mo sì ní báàgì Ghana-must-go kan tó kún fún ìrépé aṣọ ẹbí láti nǹkan bí ogún ọdún. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní ta ni yóò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bora nínú ooru Èkó, pé tí mo bá sì ń to ìrépé pọ̀, àwọn ará ilé á ní ìyà ń jẹ mí. Ojú mi náà kò mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Mọ́mì, ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀rinrin. Ẹ bẹ̀rẹ̀, mà. Àmọ́ kí ẹ tó fa báàgì yẹn jáde, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn àbúrò yín díẹ̀, torí òótọ́ ni ìdajì ọ̀rọ̀ tó sọ. Irú kúílìtì tí ọmọ yín ń rán lọ́hùn-ún, èyí tó wú bíi tìmùtìmù, kò bá ilé wa mu. Ẹni tó ti jìyà rẹ̀ rí ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rán tèmi, inú ìwé òyìnbó ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìwé ní kí n ki nǹkan tó fúyẹ́ sí àárín, mo bá lọ ra fáíbà, èyí tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí. Aṣọ náà nípọn tó ìka méjì. Ó rẹwà o! Àwọn àlejò á jókòó tì í, wọ́n á máa fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ológbò lára. Ìgbà tó di oṣù Keje, ọmọ kan da Milo sí i, mo bá fọ̀ ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi wà ní bálíkónì wa ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta. À ń sá a, òjò ń ṣú, à ń kó o wọlé, oòrùn á yọjú díẹ̀, à tún ń kó o jáde. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ń rùn bí ẹni pé ọ̀pọ̀lọ́ kú sínú rẹ̀. Mo tú u. Fáíbà ti gbá jọ sí igun kan, ó ti di kókó, àárín rẹ̀ sì tutù rinrin.

Nínípọn kọ́ ló ń sọ aṣọ di kúílìtì. Aṣọ mẹ́ta tí a tò lérí ara wọn ni, ojú, àárín àti ẹ̀yìn, tí abẹ́rẹ́ wá gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá títí wọ́n fi di ọ̀kan. Ohun tí ẹ bá fi sí àárín ló ń sọ bóyá Winnipeg ni aṣọ náà yẹ tàbí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Tiwa, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àtijọ́ tí fífọ̀ ti sọ di rírọ̀ ni kí ẹ fi há a, kò sí òmíràn. Ó ń gba afẹ́fẹ́ láàyè, ó ń fa òógùn, bí ẹ bá sì fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn mú díẹ̀, yóò ti gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tèmi. Àwọn obìnrin Bengal, ní Bangladesh àti ní apá ìlà oòrùn Íńdíà, ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́. Kantha ni wọ́n ń pè é. Sárì tó ti gbó ni wọ́n ń tò lérí ara wọn, tí wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gán an wọlé-jáde, wọlé-jáde, láti etí kan dé èkejì, láìki ohunkóhun sí àárín. Nígbà mìíràn, òwú tí wọ́n fi ń rán an, etí sárì náà gan-an ni wọ́n ti fà á yọ. Ooru wọn kò kéré sí tiwa, òjò wọn tún le ju tiwa lọ, àsìkò òjò náà sì ni wọ́n ń ráyè jókòó tì í. Ẹ wá fi wé apá àríwá Japan, ní Tsugaru, níbi tí yìnyín ti ń pọ̀ gan-an. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kò láṣẹ láti wọ aṣọ òwú láyé àtijọ́, aṣọ okùn ewéko tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Àwọn obìnrin wọn ń fi ìgbà òtútù gán òwú funfun sí ojú aṣọ náà léraléra títí tí kò fi sí àlàfo mọ́. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kan náà ni. Ti Tsugaru ń dá òtútù dúró, ti Bengal ń gba atẹ́gùn láàyè. Ọ̀dọ̀ àwọn Bengal ni kí àwa ti kọ́ tiwa.

Ọ̀rọ̀ ìyà tí wọ́n á ní ó ń jẹ yín ńkọ́? Lójú tèmi, ohun tó ń dẹ́rù bà yín jù nìyí, ẹ kàn fi ooru bò ó mọ́lẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ wa, bí aṣọ bá ti ní àbùlẹ̀, ojú àìní la fi ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wa náà ló ń sọ pé àbùlẹ̀ ní ń mú aṣọ tọ́. Ẹ tún wo ẹ̀kú eégún. (Ẹ má bínú, mà, bóyá ọmọ ìjọ ni yín, ọwọ́ aránṣọ ni mò ń wò, n kò ní kí ẹ wá jó tẹ̀lé e.) Àrán, dàmáàsìkì, ankara, aṣọ òkè, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á gé ní gbọọrọ-gbọọrọ, wọ́n á fi àwọ̀ mìíràn gbá a létí, wọ́n á sì gé etí náà ní ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn. Bí ọdún bá tún yí po, ìdílé á fi tuntun lé èyí tó wà tẹ́lẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó wo eégún tó gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rù kí ó ní ìyà ń jẹ ẹbí náà. Iyì ilé wọn ni gbogbo aṣọ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Amẹ́ríkà kún un, kí àbúrò yín lè gbà. Ìletò kan wà ní Alabama tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, ń fi ṣòkòtò oko tó ti ya àti aṣọ iṣẹ́ tó ti ṣí rán kúílìtì, kí àwọn ọmọ wọn má bàa kú sínú òtútù ilé onípákó. Àìní ló gbé wọn dé ìdí rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Nígbà tó di 2002, wọ́n gbé àwọn àbùlẹ̀ yẹn kọ́ sára ògiri mùsíọ́ọ̀mù ńlá ní Houston, wọ́n gbé e dé New York. Ní 2006, ó ti wà lórí sítáǹpù ìjọba.

Ohun tó ń sọ àbùlẹ̀ di ti ìyà ni pé ẹnikẹ́ni kò yàn án, ohun tó sún mọ́ ọwọ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tó ya. Tiyín, ẹ ó yàn án. Ankara máa ń pariwo, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá to ankara mẹ́sàn-án ti ara wọn, ìjà ọjà ni wọ́n á máa jà. Aṣọ aláwọ̀ kan tí kò ní àwòrán ni kí ẹ fi là wọ́n: dúdú, búlúù tó ṣú, tàbí àwọ̀ obì. Èmi fẹ́ràn búlúù tó ṣú jù, torí pé kò sí ankara tí kì í bá a gbé. Bí ẹyẹ ńlá tàbí ìlù bá wà lára ìrépé kan, ẹ gé e kí àwòrán náà bọ́ sí àárín gan-an, kí ẹni tó bá rí i mọ̀ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ó yá, ẹ da báàgì náà sílẹ̀. Ẹ fún iṣẹ́ yìí ní odindi ọjọ́ kan, torí pé ẹ kò ní lè ṣe é kíákíá. Ẹ ó rí èyí tẹ́ ẹ wọ̀ ní òkú ìyá lágbájá, ẹ ó rí èyí tí télọ̀ bàjẹ́, ẹ ó rántí ìyàwó tó wọ ilé lọ́dún náà àti ìjà orí jọ̀lọ́ọ̀fù. Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà, ẹ má sáré.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ṣà wọ́n. Òwú gidi la ń wá, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sì ń tà fún wa lórúkọ ankara kì í ṣe òwú rárá. Ojú kì í dá a mọ̀, iná ló ń dá a mọ̀. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ, ẹ fi píìnì mú un, ẹ ṣáná sí i lórí àwo irin. Bí ó bá jó bí ìwé, tó ń rùn bí ìwé, tí eérú rẹ̀ sì fọ́ lẹ́búlẹ́bú bí ẹ ṣe fọwọ́ kàn án, òwú ni. Bí ó bá ká kò bí irun tó kan iná, tó yọ́, tó wá di kókó dúdú tó le, rọ́bà ni. Ẹ gbé onírọ́bà sápá kan. Á máa yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, kò ní gbọ́ ti áyọ́ọ̀nù, á sì máa mú ẹni tó bá fi bora làágùn. Léèsì náà kò wúlò níbí, ihò rẹ̀ ti pọ̀ jù. Aṣọ òkè nípọn, etí rẹ̀ sì ń tú. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ lè fi ṣe etí aṣọ lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó gé ohunkóhun, kódà èyí tí ẹ rò pé ẹ ti fọ̀ rí. Ankara tuntun ní ṣítáàṣì lára, ó máa ń sunkì, òmíràn tún máa ń tú àwọ̀. Ẹ kó àwọn tó ṣú sọ́tọ̀, ẹ kó àwọn tó mọ́lẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ kó wọn sínú àpò ìrọ̀rí kí ẹ so ẹnu rẹ̀, kí etí wọn má bàa tú mọ́ ara wọn. Ẹ máa pààrọ̀ omi títí omi yóò fi mọ́. Wọ́n á ní kí ẹ fi iyọ̀ sí i kí àwọ̀ má bàa ṣí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi náà fi ń da iyọ̀ síbẹ̀. Omi ló ń fọ àwọ̀ tó pọ̀ jù kúrò, iyọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Láti dán an wò, ẹ tẹ́ ìrépé tó ṣì tutù sórí aṣọ funfun, kí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Bí funfun náà bá ṣì funfun, ó ti tó gé. Bí àwọ̀ bá mọ́ ọn, ẹ dá a padà sínú omi. Àdìrẹ aláró ni olóríkunkun jù nínú gbogbo wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sún mọ́ funfun láéláé.

Ẹ má fi aṣọ ìbora bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ojú ìrọ̀rí kan bẹ̀rẹ̀, ti àga pálọ̀. Ègé mẹ́sàn-án ni, mẹ́ta-mẹ́ta ní ìlà mẹ́ta. Ẹ gé páálí Cornflakes ní íǹṣì mẹ́fà níbùú-lóròó, kí igun rẹ̀ gún. Páálí yẹn ni ẹ ó máa gbé lé aṣọ láti fi sàmì sí i. Ègé ọṣẹ ìfọṣọ tó ti gbẹ, tó ti fẹ́lẹ́ létí, ni kí ẹ fi fa ìlà. Ẹ má fi báírò, yóò ràn nígbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́. Kí etí páálí bá òwú tó dúró tààrà nínú aṣọ lọ. Bí ẹ bá gé e ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, aṣọ á máa nà bíi rọ́bà, ẹ ó sì máa bínú sí mi.

Ẹ dojú ègé méjì kọ ara wọn, ẹ fi ọṣẹ fa ìlà rírán sí ìdámẹ́rin íǹṣì láti etí, kí ẹ fi ọwọ́ rán an kéékèèké lórí ìlà náà. Lẹ́yìn bíi márùn-ún, ẹ dá ẹyọ kan padà sẹ́yìn, kí gbogbo rẹ̀ má bàa tú bí òwú bá já níbì kan. Nígbà tí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ẹ lọ̀ wọ́n: ti ìlà kìíní, ẹ tẹ etí ìrán rẹ̀ sí ọ̀tún, ti ìkejì, sí òsì, ti ìkẹta, sí ọ̀tún. Bí ẹ bá wá fẹ́ so ìlà pọ̀ mọ́ ìlà, ẹ ó fi ìka gbọ́ ọ bí ìrán méjèèjì ṣe ń wọnú ara wọn, tí igun mẹ́rin á pàdé lójú kan. Èmi ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tí wọ́n bá pàdé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìrọ̀rí bá parí, tí ẹ ti rán etí rẹ̀ yí ká, íǹṣì mẹ́rìndínlógún àti ààbọ̀ ni yóò jẹ́ níbùú-lóròó.

Ẹ tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn sílẹ̀, ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì lé e, ẹ wá tẹ́ ojú lé e. Kí àwọn méjì tó wà nísàlẹ̀ fi nǹkan bí íǹṣì méjì tóbi ju ti òkè lọ yí ká. Ẹ gán wọn pọ̀ láti àárín lọ sí etí, ní gbọọrọ-gbọọrọ (àwọn télọ̀ ń pè é ní tákì). Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti etí, aṣọ tó ṣẹ́kù á gbá jọ sí àárín bí ikùn ẹni tó yó. Àárín náà ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ìrán gidi. Ẹ ta kókó kékeré kan sí ìdí òwú, ẹ gún abẹ́rẹ́ wọ ojú aṣọ ní bí íǹṣì kan sí ibi tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó yọ níbi tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá fa òwú náà jẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ “pọ́” wẹ́rẹ́ kan. Kókó ti bọ́ sínú nìyẹn, kò sí ẹni tó máa rí i mọ́ láéláé. Ẹ gán an lọ wọlé-jáde, kí èyí tó wà lókè àti èyí tó wà lábẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba. Ẹ má bìkítà bí wọ́n bá kọ́kọ́ rí wúruwùru. Ẹ má tú u. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó wo ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ẹ dé, ẹ ó rí i pé ọwọ́ ti mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìránṣọ bá tán, ẹ tú tákì, kí ẹ gé etí rẹ̀ kí ó dọ́gba.

Iṣẹ́ ọnà tí ọmọ yín ń ṣe sójú aṣọ kò ṣàjèjì sí wa. Jákàn ni, ohun tó wà lọ́rùn agbádá. Fífọwọ́ ṣe ni látijọ́, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Àwọn Hausa fún àwọn àwòrán rẹ̀ lórúkọ: aska biyu, ìyẹn ọ̀bẹ méjì, àti aska takwas, ọ̀bẹ mẹ́jọ, nítorí ṣóńṣó gígùn tó wà láyà ẹ̀wù náà. Ẹ̀rọ ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. Ẹ má dààmú pé ẹ ò mọ àwòrán yà, ankara ti yà á fún yín. Ẹ mú ègé tí ẹyẹ wà lára rẹ̀, kí ẹ fi òwú tẹ̀lé etí ìyẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó rí bí ẹ̀wọ̀n ló rọrùn jù.

Báyìí ni: ẹ gún abẹ́rẹ́ láti abẹ́ yọ sókè. Ẹ fi àtàǹpàkò òsì tẹ òwú náà mọ́lẹ̀ kí ó ká bí ojóbó. Ẹ dá abẹ́rẹ́ padà sínú ihò tó ti jáde gan-an, kí ṣóńṣó rẹ̀ yọ níwájú ní ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan, nínú ojóbó náà. Ẹ fà á, kí ẹ sì tètè dáwọ́ dúró. Bí ojóbó náà bá rí bí ẹ̀kán omi, ó pé. Bí ó bá ti di ìlà tín-ín-rín, ẹ ti fà á jù, aṣọ á sì ká kò. Inú ojóbó yẹn náà ni èyí tó kàn máa ti jáde. Fọ́nrán mẹ́fà ló wà nínú òwú ọnà. Ẹ ya méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ lò. Kí òwú tí ẹ bá gé má gùn ju láti ìka dé ìgúnpá lọ. Èyí tó bá gùn jù á máa lọ́ mọ́ra, á sì máa já. Ẹ ra òrùka onígi méjì tó ń wọnú ara wọn, hoop ni wọ́n ń pè é lọ́jà, kí aṣọ lè fẹ̀ gbọnrangandan bí ojú ìlù. Ẹ yọ ọ́ bí ẹ bá ti ń dáwọ́ dúró, kí ó má bàa tẹ aṣọ lápá.

Ọ̀rọ̀ ojú yín wá kù. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò níléewòsàn ojú, ẹ má ra gíláàsì lọ́wọ́ àwọn tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò nínú gosìlóò. Láàárọ̀, nígbà tí ojú ṣì jí pépé, ẹ fi òwú sínú abẹ́rẹ́ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, kí ẹ gún wọn sórí ìrọ̀rí kékeré kan. Ìyẹn á tó yín lò di ọ̀sán. Ẹ gé ẹnu òwú ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, kí ẹ gbé ìwé funfun sẹ́yìn ihò abẹ́rẹ́. Bí ọmọ kan bá wà nílé, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ ra èyí tí ihò rẹ̀ tóbi, kí ẹ sì rántí pé bí nọ́ńbà abẹ́rẹ́ ọwọ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni abẹ́rẹ́ ń kéré sí i. Bí ẹ bá ń rán aṣọ tó ṣú, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí itan. Ẹ jókòó kí fèrèsé wà lápá òsì yín, bí ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń rán, kí òjìji ọwọ́ yín má bàa bo iṣẹ́. Láàárín aago mẹ́wàá sí aago méjì ni ìmọ́lẹ̀ òjò máa ń dára jù. Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú, tí NEPA náà sì ti mú iná lọ, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ lè máa to ègé aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn kò béèrè ojú líle.

Ọ̀tá iṣẹ́ yìí ní Èkó ni ọ̀rinrin. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lára aṣọ mọ́jú. Ó lè dípẹtà, ìpẹtà sì máa ń mọ́ òwú gan-an. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ lára aṣọ funfun, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ bu iyọ̀ lé e, kí ẹ sá a sóòrùn, ẹ wá ṣàn án dáadáa. Àwọn àpò kéékèèké oníyangí tó máa ń wà nínú bàtà tuntun, tí a máa ń jù nù, ẹ tọ́jú wọn, ẹ fi wọ́n sínú agolo abẹ́rẹ́ yín kí ẹ dé e pa, kí ọwọ́ ọmọdé má sì kàn án. Aṣọ tí ẹ bá ti rán, ẹ má dì í sínú ọ̀rá, yóò bu níbẹ̀. Àpò ìrọ̀rí òwú ló dára. Kí ẹ tó kó o sínú rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná, kódà bí ó bá dà bíi pé ó ti gbẹ. Nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ẹ kó gbogbo rẹ̀ síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Ní ti ọjà, ohun tí ẹ máa rà kò pọ̀. Òwú, abẹ́rẹ́, òrùka onígi, àlùmọ́gàjí kan tí ẹ kò gbọdọ̀ fi gé ìwé láéláé. Tejúoṣó ní Yábà sún mọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ rí òwú aláràbarà, Bálógun àti Ìdúmọ̀tà ni, ṣùgbọ́n ẹ má lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ òjò. Àgbàrá àti alábàárù kì í bu ọ̀wọ̀ fún àgbà. Kí ẹ tó fi òwú pupa tàbí dúdú ṣe ọnà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kí ẹ fi aṣọ funfun fún un, torí àwọn kan ń tú àwọ̀ ju ankara lọ.

Bí ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta bá ti tọwọ́ yín jáde, ẹ lè wá dán aṣọ ìbora wò. Ègé ọgọ́rin, mẹ́jọ níbùú, mẹ́wàá lóròó, íǹṣì mẹ́fà-mẹ́fà kan náà. Nígbà tó bá parí, íǹṣì mẹ́rìnlélógójì níbùú, márùndínlọ́gọ́ta lóròó ni yóò jẹ́, ó tó bo orúnkún àgbà tàbí odindi ọmọdé. Bí ẹ bá fi oṣù Keje bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí ẹ kò kánjú, yóò bá ọyẹ́ oṣù Kejìlá. Àárọ̀ ọyẹ́ ni àbúrò yín á mọ ẹni tó ń fi kúílìtì bora ní Èkó. Ẹ kàn ṣọ́ra fún òrí tí a fi ń pa ọwọ́ tó bó lásìkò náà. Ẹ jẹ́ kí ó wọra tán kí ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ.

Ó dá mi lójú pé ẹ ó fẹ́ ṣe ọ̀kan fún ọmọ yín. Aṣọ onípele tín-ín-rín tiwa kò lè ràn án lọ́wọ́ nínú òtútù Winnipeg. Ojú aṣọ nìkan ni kí ẹ rán, ègé ọgọ́rin yẹn, láìsí àárín, láìsí ẹ̀yìn. Ẹ fi jákàn kọ orúkọ yín àti ọdún sí igun kan. Kò wúwo ju ìró kan lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ lè fi sínú báàgì. Òun ni yóò ki èyí tó nípọn sí àárín lọ́hùn-ún, yóò sì gán an pọ̀ nígbà tí yìnyín bá ti tì í mọ́lé. Ẹ kàn rí i dájú pé ankara yẹn ti tú gbogbo àwọ̀ tó fẹ́ tú sínú omi Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kó tó wọ bàálù.